Àwọn Màmá Mi Ń Bọ̀

Bí ẹnu bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ẹnu Alọṣọ ì bá ti jó ihò sí gbogbo aṣọ ìlú. Obìnrin náà kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Oníbàárà á gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọbẹ̀ ti ya máàpù sí láyà wá, á ní òun fẹ́ kó mọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Alọṣọ á wò ó tòkè tilẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ jẹ ọbẹ̀ yìí ni àbí ẹ fi wẹ̀?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín tipátipá, á fi aṣọ sílẹ̀, á sì tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹnu obìnrin náà mú lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mú ju ẹnu lọ. Ìlà tó bá tẹ̀ sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, èèyàn lè fi gé búrẹ́dì.

Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé ìfọṣọ náà wà. Káńtà ló wà níwájú, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tò sẹ́yìn rẹ̀, tábìlì Alọṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ooru lè rí ibi gbà jáde. Lẹ́yìn pátápátá ni yàrá tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀díṣíìtì hòtẹ́ẹ̀lì sí, yàrá gbọọrọ kan tó máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ nítorí pé ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀. Òkè, lẹ́yìn àtẹ̀gùn tóóró kan tó ga bí ìgbà tí èèyàn ń gun ọ̀pẹ, ni Alọṣọ ń sùn.

Èèyàn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ri ìwọ́ wọn mọ́. Màdáámù ló ni ilé, òun náà ló ni iṣẹ́. Òkè òkun kan ló ti wá, ó sì máa ń nà ró gbọnrangandan bíi kọ́là tí wọ́n rẹ sínú sítáàṣì mọ́jú. Dẹrẹ́bà tó ń gbé aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì lọ tó ń gbé e bọ̀, òkè òkun mìíràn ni tirẹ̀. Àwọn onílùú kò tilẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti yà wọ́n sọ́tọ̀. "Àwọn tó wá" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, bí ẹni pé inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti bọ́ sílẹ̀.

Èdè ìlú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mu mọ́ ọmú ìyá. Ojú títì ni kálukú ti ṣà á, kálukú sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Níbi tí Dẹrẹ́bà ti wá, ẹni tó bá ti gbéra, ó ti dé nìyẹn. Tí wọ́n bá pè é lórí fóònù pé ibo ló wà, á ní, "Mo ti dé," nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń wá epo ní òpin ìlú. Ní ti Màdáámù, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń pe àná àti ọ̀la, nítorí náà, ó máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ padà wá gbà á lánàá." Alọṣọ á ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, á di ikùn mú.

"Màdáámù, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí àná ti kọjá o! Àfi kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn!"

Ohun tí kò mọ̀ ni pé tòun náà ń bẹ níbẹ̀. Èdè ìlú kì í fi iye bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá jẹ́ ẹnì kan, ẹnì kan náà ni, ì báà fi ọ̀pá rìn, ì báà bí igba ọmọ. Tí onílùú bá ní "wọ́n," èrò ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ṣé Alọṣọ, ọmọ tí wọ́n fi ọmọrogùn kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ló máa pe ìyá tó bí i ní "ó"? Kí èdè ìlú fọ́ sí wẹ́wẹ́ ná! Ó di "wọ́n" ti ilé mẹ́rù, ó gbé e wọ inú èdè ìlú tòun tẹrù, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá àyè wà.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà láàárín òun àti Màdáámù látìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́. Màdáámù bi í lọ́jọ́ kan, bí ẹni tó ń bi ẹnì kejì bóyá òjò máa rọ̀, pé, "Mo gbọ́ pé àwọn ọkùnrin yín máa ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀. Mélòó ni bàbá tìẹ ní?" Ìyàwó kan ṣoṣo ni bàbá Alọṣọ fẹ́ títí wọ́n fi kú, ìyẹn gan-an sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju agbára wọn lọ. Àmọ́ ìbéèrè yẹn gún un lára. Ó ní, "Kí ló kàn yín nínú yàrá bàbá mi? Ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìkẹwàá ni?" Ojú ti Màdáámù. Láti ọjọ́ náà, kò bi í ní ohunkóhun mọ́ nípa ilé bàbá rẹ̀.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, àbúrò Alọṣọ tí màmá wọn ń bá gbé ní ìlú mìíràn pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ti gbé mi. Inú ọkọ̀ ojú omi ni n ó ti máa se oúnjẹ títí ọdún yóò fi yí. Màmá ò lè dá gbé. Ojú wọn kan ti lọ, ìkejì sì ń tẹ̀ lé e. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì fún wọn, Sátidé ni wọ́n ń wọlé."

"O gba tíkẹ́ẹ̀tì kó o tó bi mí?"

"Tí mo bá bi yín, ẹ ó sọ̀rọ̀ títí bọ́ọ̀sì á fi lọ."

Alọṣọ bú u, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí pé ó pẹ́ tó ti fojú kan màmá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbẹ̀rù wá mú obìnrin tí kì í bẹ̀rù. Òfin kan ṣoṣo ni Màdáámù ní lórí yàrá òkè: ẹni tó gbà á nìkan ni yóò sùn nínú rẹ̀. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú yọ́ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun àti ẹ̀gbọ́n ti jọ wà ní títì, àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí Màdáámù bá ní rárá, ibo ni màmá olójú kan yóò fi orí lé ní Sátidé?

Ó lọ bá a ní káńtà níbi tó ti ń lẹ nọ́ńbà mọ́ kóòtù.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Àwọn màmá mi fẹ́ wá."

Ọwọ́ Màdáámù dúró lórí kóòtù. "Àwọn màmá rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti dàgbà, wọn ò lè dá gbé mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi lókè."

"Lókè. Nínú yàrá yẹn."

"Níbẹ̀ náà ni. Wọn á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, èmi á sùn sílẹ̀."

"Lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo?"

"Wọn ò sanra, Màdáámù. Ẹ máa rí i, bí ìgbálẹ̀ ni wọ́n ṣe rí. Wọn kì í jẹun púpọ̀. Ojú wọn kan ni kò ríran mọ́."

Màdáámù fọwọ́ kan ìpéǹpéjú ara rẹ̀. "Ojú kan? Gbogbo wọn?"

Alọṣọ rò pé ara màmá lápapọ̀ ló ń béèrè. "Rárá o! Ojú yẹn nìkan ni. Ara tó kù le koko. Wọ́n máa ń jí ní ìdájí láti gbàdúrà, wọn á sì kọrin díẹ̀. Ohùn wọn dùn, ẹ ò ní bínú sí i."

Ojú Màdáámù lọ sókè sí àjà, bí ẹni pé ó ti ń gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin olójú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń jó lórí rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó la ẹnu bíi pé ó fẹ́ béèrè nǹkan, ó rántí nǹkan, ó pa á dé.

"Rárá," ó ní. "Má bínú. Yàrá yẹn ò lè gba gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn kẹ̀? Ṣé ìdajì wọn lẹ fẹ́ kí n mú wá ni?"

Màdáámù rò ó. Ó rò ó dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ ṣe èèyàn lóore. "Tó bá jẹ́ ìdajì," ó ní, "bóyá a lè wá nǹkan ṣe sí i."

Alọṣọ fi ọwọ́ méjèèjì lé káńtà.  

"Ìdajì màmá mi. Ìdajì wo lẹ ń fẹ́, Màdáámù? Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?"

"Èyí tó bá lè gun àtẹ̀gùn," Màdáámù dáhùn tìfẹ́tìfẹ́.

Alọṣọ padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ ìrọ̀rí hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí tí èéfín fi rán an létí. Nígbà tí Dẹrẹ́bà wọlé wá kó ẹrù, ó bá a níbi tó ti ń na aṣọ lórí tábìlì bí ẹni ń na olè.

"Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Màdáámù ní kí n gé màmá mi sí méjì."

"Háà."

"Ó ní ẹsẹ̀ wọn ni kí n mú wá, kí orí máa gbé níbi tó wà."

Dẹrẹ́bà fi ìka họ irùngbọ̀n. "Bóyá ó ń ṣàwàdà."

"Obìnrin tó ti mu sítáàṣì yó, níbo ni àwàdà máa gbà wọlé sí i lára? Ìwọ ṣáà bá mi fi ọkọ̀ gbé wọn ní ibùdókọ̀ ní Sátidé. Ibi tí a máa gbé wọn lọ, n ó mọ̀ ọ́n kó tó dìgbà náà."

"Kò sí wàhálà. Mo ti dé ibẹ̀."

Ó wá yàrá káàkiri. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bó bá ti pa áyọ́ọ̀nù, á bọ́ sí títì. Onílé kan ní òun ò fẹ́ arúgbó, Alọṣọ sì bi í bóyá ó ti ṣètò láti kú ní kékeré. Òmíràn fi yàrá kan hàn án tí kò ní fèrèsé, tó jẹ́ pé tí èèyàn bá fẹ́ yí padà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ síta. Ó wálé tòun tẹsẹ̀ wíwú àti ahọ́n tó ti rẹ̀.

Màdáámù náà kò fara balẹ̀. Ó di Ọjọ́bọ̀, ó yọ sídìí tábìlì, ó dúró, ó ń tún háńgà tí kò wọ́ tò.

"Àwọn màmá rẹ," ó ní. "Ṣé wọ́n máa ń jà láàárín ara wọn?"

Alọṣọ wò ó. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ẹ wo èdè lẹ́nu obìnrin yìí. "Màmá mi kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bàbá mi nìkan ni wọ́n máa ń bá jà, bàbá mi sì ti kú."

Màdáámù mi orí, bíi pé ìyẹn bọ́gbọ́n mu. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹyọ kan lè tó wọn?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi méjì ṣe, Màdáámù? Ṣé wọ́n máa jókòó lórí ọ̀kan, kí wọ́n nasẹ̀ sórí ìkejì ni?"

"Ẹyọ kan máa tó wọn," Màdáámù wí fún ara rẹ̀, ó sì lọ. Alọṣọ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń gùn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Alọṣọ wí lọ́kàn pé, ó dáa, obìnrin yìí náà ní ará.

Sátidé dé. Màdáámù rán Alọṣọ lọ ra sítáàṣì ní òdìkejì ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sítáàṣì ṣì kún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó padà, ọkọ̀ Dẹrẹ́bà wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbagada, fóòmù ló kún inú rẹ̀ dípò aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì. Dẹrẹ́bà gbé ọ̀kan rù, òógùn bò ó.

"Kí nìyí?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Màdáámù ní mi ò gbọ́dọ̀ tíì sọ fún yín. Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Mẹ́sàn-án. Èyí ló kẹ́yìn, ibùdókọ̀ ló kàn. Mo ti dé ibẹ̀, Àǹtí!"

Ó gbé fóòmù wọlé, ó sáré jáde, ó wa ọkọ̀ lọ.

Alọṣọ wọ yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti kó gbogbo bẹ́ẹ̀díṣíìtì kúrò. Bẹ́ẹ̀dì tò láti ògiri dé ògiri bíi ti ilé ìwòsàn: ti irin, ti igi, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ àga gbọọrọ méjì tí wọ́n so pọ̀. Wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀. Màdáámù dúró láàárín, ìrọ̀rí lábẹ́ apá méjèèjì, irun rẹ̀ ti dà rú, ojú rẹ̀ pọ́n. Alọṣọ kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"O ti tètè dé jù," Màdáámù ní.

"Mo ti pẹ́ dé jù ni! Ẹ ní ilé yín ò gba àwọn màmá mi. Àwọn tó bí mi! Mo rìn títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi fi ń pariwo, mi ò rí yàrá. Ṣé torí ará yín lẹ ṣe lé wa? Ẹ wá kó èèyàn mẹ́sàn-án jọ sórí ara wọn bíi sáàdìnì!"

"Ará mi? Ará mi wo?"

"Àwọn tó fẹ́ sùn síbí!"

"Àwọn màmá rẹ ló fẹ́ sùn síbí!"

Alọṣọ wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wo Màdáámù. Ó tún wo bẹ́ẹ̀dì.

"Àwọn màmá mi? Lórí gbogbo èyí? Ṣé wọ́n á máa yí láti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì ni?"

Kí Màdáámù tó dáhùn, fóònù Alọṣọ dún. Dẹrẹ́bà ni, ariwo ibùdókọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, mo rí ọ̀kan! Ó ń pe orúkọ yín, ó sì ti kó báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Àmọ́ bọ́ọ̀sì ti ṣófo. Àwọn mẹ́jọ tó kù dà?"

"Mẹ́jọ wo?"

"Àwọn màmá yín!"

Alọṣọ sọ fóònù kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ ọn, ó rọra yíjú sí Màdáámù bí ẹni pé ọrùn ń dùn ún.

"Màdáámù. Ta ló sọ fún yín pé mẹ́sàn-án ni màmá mi?"

"Ìwọ ni. Mo bi ọ́ ní iye ìyàwó bàbá rẹ, o ní ṣé mo fẹ́ ṣe ìkẹwàá."

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n!"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n?"

"Ẹnì kan!"

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn!"

Màdáámù jókòó. Ìrọ̀rí bọ́ lábẹ́ apá rẹ̀. Alọṣọ gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní lédè tàwọn, èèyàn kì í ka ẹni tó bí i ní ẹyọ ẹyọ. Ó ní "wọ́n" yẹn kì í ṣe èrò, ó ní ọ̀wọ̀ ni, ó ní bí èèyàn bá pe ìyá rẹ̀ ní "ó" nílé àwọn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ètè rẹ̀ máa wà tí yóò ti máa wá eyín.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí!"

"Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí," Màdáámù ní.

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí Alọṣọ lára. Ó wo fóòmù tí Màdáámù ti fi fóònù bẹ̀bẹ̀ yá láti ilé mẹ́sàn-án. Ó wo àwọn aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Màdáámù fúnra rẹ̀ ló lọ̀ wọ́n, nítorí ìlà wọn wọ́.

"Kí ló wá yí yín lọ́kàn padà?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Màdáámù ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà lẹ́tí kó lè tẹ́. "Ẹyọ kan ni ìyá tèmi. Mo ní kó wá, ó ní òun ń bọ̀ lánàá. Mo ṣètò yàrá. Kò dé. Ó kú kí ó tó gbéra." Ó gbójú sókè. "Mo wá ní, tí ẹnì kan bá ní mẹ́sàn-án, tí gbogbo wọn sì ṣì lè wọ bọ́ọ̀sì, ta ni èmi tí n ó ní rárá?"

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dé. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì, ó kan ikùn, ó ní, "Olójú kọ̀ọ̀kan! Mo ní olójú kọ̀ọ̀kan mẹ́sàn-án lórí àtẹ̀gùn yẹn!" ó sì ṣubú sẹ́yìn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ẹsẹ̀ lu afẹ́fẹ́. Alọṣọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dúpẹ́, ó wá ọ̀rọ̀ nínú èdè ìlú, kò rí èyí tó tó. "Ẹ ṣé" ti ibẹ̀, òun náà ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó báni ṣílẹ̀kùn. Ó ṣe èyí tí ara rẹ̀ mọ̀: ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì.

Màdáámù dìde kíá. "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò sí—"

"Ṣé bọ́tìnnì ni? Má dìde, wàá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!" Òun náà kúnlẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ wá a kiri.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Dẹrẹ́bà ní, "Mo ti dé," ó sì ti dé lóòótọ́. Màmá yọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kéré, wọ́n fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú tó kù lè ríran. Ohun tí ojú náà rí ni obìnrin méjì tó kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Háà, ọmọ mi! Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ìlú òyìnbó ti ba orúnkún ẹ jẹ́." Wọ́n sún mọ́ ọn. "Ta ni ìkejì ẹ yìí? Ó níwà o. Ilé ire ló ti wá."

"Màmá, ẹ káàbọ̀, mà. Ọ̀gá mi ni. Àwọn ló ni ilé."

"Ọ̀gá? Ó sì kúnlẹ̀ báyìí? Má dìde, ọmọ mi, má dìde." Wọ́n gbé ọwọ́ lé Màdáámù lórí, àdúrà sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí irun, wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀. Wọ́n bá a yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú àṣìrìn, wọ́n kó àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́ kan, wọ́n sì bẹ Ọlọ́run fún ọmọ tí kò tíì bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti gba iwájú orí rẹ̀.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Màdáámù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọ́n ń ṣàdúrà fún yín."

"Orúnkún ń dùn mí. Ṣé ó ti parí?"

"Ó ku àwọn ọ̀tá tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹ ṣáà máa ṣe àmín."

Màdáámù ń ṣe àmín. Nígbà tó yá, kò tún béèrè mọ́ bóyá ó ti parí. Ó tẹ orí ba sábẹ́ ọwọ́ kékeré náà. Dẹrẹ́bà, tí ẹnikẹ́ni kò pè, ti ṣí fìlà, ó sì tò sẹ́yìn rẹ̀, kó má baà di pé àdúrà tán kó tó kàn án.

Màmá wá gbójú sókè, wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Àwọn aláìsàn dà?"

"Kò sí aláìsàn, mà. Ẹ̀yin ni wọ́n tẹ́ ẹ fún."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Wọn ò bi í léèrè ìdí. Wọ́n ti la ayé kọjá, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo oore ni èèyàn ń yẹ̀ wò. Wọ́n ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíràn, wọ́n ń fi ìkúùkù tẹ fóòmù: eléyìí le, eléyìí rì, òórùn ọkùnrin wà lára eléyìí. Wọ́n wá jókòó sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó móoru, wọ́n nasẹ̀.

"Ṣé ibí ni mò ń gbé?"

 Alọṣọ yíjú sí Màdáámù, ó fẹ́ bi í ní èdè ìlú, kí ó bi í dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, láìfi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Màdáámù kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ti gba báàgì lọ́wọ́ Dẹrẹ́bà, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, ó ń ti bàtà wọn tẹ̀ lé e.

"Ibí ni, mà," Alọṣọ ní.

"Ó dáa." Màmá dùbúlẹ̀, wọ́n di ojú rere àti ojú burúkú pọ̀. "Sọ fún ọmọ dáadáa yẹn kó bá mi pa nǹkan tó ń kùn lẹ́yìn ògiri yìí. Mo fẹ́ sùn."

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ni. Aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ló kún inú rẹ̀, àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì sì ń retí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Alọṣọ rò ó wò, ó mí kanlẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí.

Màdáámù dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó sì lọ pa á.